Àdúgbò Tí Ilẹ̀kùn Kì Í Tì Mọ́

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo nírètí pé ara rẹ le, àti pé àwọn ọmọ ń jí ire. Èmi náà wà. Orúnkún nìkan ló ń bá mi jà, nítorí pé mo fi ẹsẹ̀ rin gbogbo àdúgbò yín lánàá, láti ibùdókọ̀ títí dé ẹ̀yìnkùlé rẹ. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní sí nílé. Ìdí gan-an tí mo fi yan àsìkò náà nìyẹn.

Ní òkè àdúgbò, kò sí ohun tó lè kọ ènìyàn lóminú. Ilé kéékèèké tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, aṣọ wà lórí okùn, ẹnìkan ń fọ ọkọ̀, rédíò ń pariwo ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo rí i pé apá kan náà ni gbogbo òpó iná fì sí, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí òfófó. Omi dúró nínú gọ́tà, bẹ́ẹ̀ òjò kò tíì rọ̀ lọ́dún yìí.

Níbẹ̀ ni mo ti bá káfíńtà kan tó gbé ilẹ̀kùn onílé kan kalẹ̀, tó ń fá ìdí rẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ilẹ̀kùn àdúgbò yìí ló ń bọ́ mi. Wọ́n ń sanra ju àwọn tó ni wọ́n lọ!" Obìnrin tó ni ilé dáhùn láti inú yàrá pé, "Ẹnu ẹ ló sanra! Ṣebí o fá a lóṣù tó kọjá, ó tún ti há." Káfíńtà ní, "Ẹ má bínú, Màmá, igi tútù ni wọ́n tà fún yín." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Ọ̀rọ̀ igi kọ́. Ilẹ̀kùn kò wú. Férémù ló ń wọ́, nítorí pé ilé ń rì.

Mo mọ̀, ọmọ mi, torí pé èmi ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó wọn ilẹ̀ náà. Odò kan ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá nígbà náà. Àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ fi pàǹtírí dí i, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa lé e, wọ́n ní kí n má yà á sínú àwòrán ilẹ̀. Ọ̀gá mi gbà, èmi tí mo ń wá ìgbéga náà gbà. Mo tan ara mi jẹ pé odò tí a bá dí ti kú nìyẹn. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ọjọ́ tí o pè mí tayọ̀tayọ̀: "Bàbá, ẹ bá mi yọ̀, a ti kúrò nílé onílé!" Nígbà tí o dárúkọ òpópónà tí ilé tuntun yín wà, mo mọ̀ pé orí odò náà ni. Mo ní, "Ẹ kú oríire, ilé á tura." Mi ò fẹ́ kí o mọ irú ẹni tó bí ọ. Látìgbà náà, mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ lórí fóònù, ẹnu mi kò gbé e.

Lánàá, mo yí sẹ́yìn ilé rẹ. Ògiri yàrá àwọn ọmọ ti lanu láti ojú fèrèsé dé ilẹ̀, kì í sì í ṣe aláǹgbá ló fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ ti fi sìmẹ́ńtì dí i. Ó tún ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ dí. Ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀. Mo gbé etí lé ògiri náà. Mo gbọ́ omi.

Jọ̀wọ́, kó ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ mi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti palẹ̀ yàrá mi mọ́ fún yín. Pálọ̀ ti tó fún èmi láti sùn. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, bínú sí mi nínú ilé tó dúró. Lọ́la, màá padà lọ kan ilẹ̀kùn àwọn yòókù, màá jẹ́wọ́ fún wọn, ì báà jẹ́ lílù ni wọn ó lù mí.

Ẹ̀ṣẹ̀ baba kò ní gba orí ọmọ kọjá. Bí ẹ ṣe ń wọlé, bí ẹ ṣe ń jáde, ẹsẹ̀ yín yóò máa bá ilẹ̀ líle.

Èmi ni baba rẹ, tó pẹ́ jù kó tó sọ òtítọ́.

Àfikún: Bí ìbínú bá ní kí o má gbà mí gbọ́, gbé ọsàn kan sílẹ̀ láàárín pálọ̀ rẹ. Má tì í. Bí ó bá dúró, pè mí ní òpùrọ́, mo gbà. Bí ó bá yí lọ, má tẹ̀ lé e. Gbé àwọn ọmọ.