Ẹ Má Jẹ́ Kí Àmúdà Kí Yín Kí Ẹ Tó Wo Tẹ́níìsì

Bàbá Kàósárà,

Ẹ kú àbọ̀ Iléṣà. Ẹ ní kí n má sọ ẹni tó gba ife tẹ́níìsì orí amọ̀ ní Párísì fún yín, mi ò sì ní sọ. Mo ti gba ìdíje náà sílẹ̀ sínú dékódà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣílẹ̀kùn fún Àmúdà aládùúgbò wa kí ẹ tó wò ó tán. Ó wá kí yín láàárọ̀. Mo ní, "Báwo lo ṣe fẹ́ kí wọn? 'Ẹ kú oríire' ni, àbí 'ẹ kú ìrọ́jú'? Èyí tó o bá sọ, àṣírí ti tú. Máa lọ."

Adìyẹ ni mo fi se ọbẹ̀. Ẹ má fi mọ èsì o. Bí ẹni tí ẹ ń tì lẹ́yìn borí, bó fìdí rẹmi, ẹ̀yin ni mo se é fún.