Ìbọn Rẹ àti Aṣọ́komásùn

Àbúrò mi,

Àgbẹ̀ tó gbà ẹ́ láyè láti máa dẹ ehoro lóko rẹ̀ wá síbí láàárọ̀ yìí. Ó ní kò sáyè mọ́. Ehoro kankan ò fara pa, aṣọ́komásùn rẹ̀ lo yìnbọn pa. Ó ní, "Ẹ̀wù mi ló wọ̀! Ká ní èmi ni mo wà nínú ẹ̀ ńkọ́?" Mo gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lè rán ibi tí ọta ti lù ú.

Omi tí mo gbé kaná de ẹran tó o ṣèlérí, mo ti fi fọṣọ.

Fi ìbọn sílé. Títí n ó fi rán ẹ̀wù náà tán, ìwọ ni wàá dúró rọ́pò aṣọ́komásùn. Mo ti bá ẹ gbà á. Bóyá inú rẹ̀ á rọ̀. Bí ehoro bá ń kọjá, kí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin