Epo Ìpamọ́ Inú Ọkọ̀ Bàbá

Ṣakí,
Oṣù Kẹjọ, 1976.

Bọ̀dá Kúnlé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtìpó, ẹ sì kú iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. A kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ara Bàbá le, iṣu tuntun ti jáde, ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá sì ti ń rọlẹ̀.

Bọ́sẹ̀ àbúrò wa ti bí ọmọbìnrin. Nígbà tó ń rọbí, Bàbá fi ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n rà lọ́wọ́ òyìnbó, èyí tí ẹ ní kí wọ́n tà, gbé wa láti Ìpápó wá sí ọsibítù Ṣakí. Àárín igbó ni ọkọ̀ kú sí. Epo ti tán, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn lọ́nà. Bàbá ṣí iwájú ọkọ̀.

Ìyá ní, "Bàbá Kúnlé, ẹ ò tíì yí irin kékeré abẹ́ sítíárì yẹn."

Bàbá ti gbàgbé rẹ̀. Bí a bá yí irin náà, epo tó wà nípamọ́ nísàlẹ̀ táǹkì ló máa ń ṣàn wá. Wọ́n yí i, wọ́n ṣíná, ọkọ̀ sì gbéra. Ìyá ń kọrin títí a fi dé; èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ni ara mi ò balẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti títa ọkọ̀ náà mọ́. Bàbá ò ráhùn, àmọ́ láti ìgbà tí lẹ́tà yín ti dé ni wọn ò ti fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Rọ́bà ìdí irin yẹn ti ń jò. Ẹ bá wa wá tuntun níbẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín fún wa, á sì jẹ́ kí ẹ wálé wá gbé ọmọ yìí lọ́wọ́.

Èmi àbúrò yín,
Mojọlá.