Bíréèkì Bàbá Ọkọ Mi

Abúlé Kamenjak,
9 Oṣù Kọkànlá, 1984.

Zorka, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Má bínú sí ìkọ̀wé mi tó rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ, àti ọ̀rọ̀ mi tó ń falẹ̀. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà, ìwọ náà mọ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Eékún ìyá rẹ ńkọ́? Àwọn àgùntàn yín ńkọ́?

Wàá ti gbọ́ pé ìyá mi tẹ́ tábìlì dè mí lọ́jọ́ Ìsinmi méjì, tí mi ò dé. Ìyàwó tuntun kì í sáà dá padà sílé, àfi kí bàbá ọkọ rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e lọ tòun ti búrẹ́dì. Ọkọ̀ bàbá ọkọ mi, ìyẹn Bàbá Vitomir, sì dàgbà ju Radoje ọkọ mi lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹsẹ̀ Bàbá rì dé ilẹ̀ ọkọ̀, bíréèkì ò mú. Òkìtì koríko ẹnìkan ló gbà wá. Búrẹ́dì mi rún sórí itan mi. Kí wọ́n tó tì í délé, bíréèkì ti ń mú bí eyín ajá. Lọ́sẹ̀ kejì, bákan náà.

Bàbá ní, "Ìyàwó yìí ló wúwo jù." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sunkún lọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́. Tí yìnyín bá fi lè bọ́, ọ̀nà dí nìyẹn títí di Àjíǹde. Bí ògiri ni àwọn òkè yìí rí lójú mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Radoje wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n jókòó sókè. "Tẹ̀ ẹ́. Dì í mú. Má tíì gbẹ́sẹ̀." Ohun tó ń kán jáde ń rùn bíi rákíyà, ọtí tí Bàbá ń sè. Radoje gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí.

"Epo bíréèkì tán nílé ìtajà," ló sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Bàbá ló rọ rákíyà síbẹ̀ dípò rẹ̀."

"Sọ fún wọn."

"Èmi? Kí n sọ pé ọtí Bàbá ò dáa?"

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi ríran, ẹnu ni mi ò ní.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, mo gbé ife méjì sórí ààrò lójú Bàbá, omi nínú ọ̀kan, rákíyà nínú èkejì.

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ fi ọtí mi wẹ̀ ni?"

Mo koná mọ́ ọn. Ọtí náà hó, omi ò mira. Ọdọọdún ni wọ́n ń sè é níbí, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé ọtí ló ń kọ́kọ́ hó. Bíréèkì máa ń gbóná lórí òkè. Ọtí hó, ó di atẹ́gùn, ẹsẹ̀ ò wá rí nǹkan kan tẹ̀. Tó bá tutù, ó padà bọ̀ sípò.

Bàbá wo ife náà pẹ́. Wọ́n dé fìlà, wọ́n jáde. Radoje ò lè jẹun. Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn dé láti ìlú, agolo epo bíréèkì lọ́wọ́. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Láti òwúrọ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń fọ páìpù ọkọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Bá mi kí ìyá rẹ. Sọ fún ìyá mi kí wọ́n tún tábìlì tẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, bóyá

Dúró ná, Bàbá ń pè láti ìta. "Stamena, wá bá wa tẹ bíréèkì." Orúkọ mi ni wọ́n pè, Zorka. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí, wọn ò tíì