Ìyá Àtúnṣe àti Ọmọ Rọ́bà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà
Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí yìí, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì níbòmíì. Mo rò pé wọ́n á mú mi yíká, kí n mọ ibi tí nǹkan wà. Rárá o. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì—obìnrin tó ti gbẹ̀bí títí irun ẹ̀ fi funfun—ló dúró nídìí tábìlì, ó ń fi báàgì atẹ́gùn fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ rọ́bà nímú, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń mú ọmọ tuntun mí. Bí ọmọdé tó ń ṣeré. Ó parí, ó yíjú sí wa: "Ibo ni mo ti ṣì í?" Ta ló fẹ́ dá ọ̀gá lẹ́jọ́?

Ọjọ́rú, 5
Àràárọ̀ ni. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ rọ́bà. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Àtúnṣe—nínú ìwé yìí nìkan o, kí ẹnu mi má pa mí.

Ẹtì, 7
Ẹni tó kéré jù nínú wa—Kíá ni mo ń pè é, torí kò mọ̀ ọ́n rìn, sísáré ló ń sáré—là á mọ́lẹ̀ lónìí: "Ẹ ti gbé orí ọmọ sẹ́yìn jù, mà. Atẹ́gùn ò wọlé." Níbi tí mo ti ń bọ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń lé èèyàn kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ìyá Àtúnṣe tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa. "O ṣé, ọmọ mi. Òótọ́ ni." Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, títí àyà ọmọ rọ́bà fi ń gòkè bó ṣe yẹ.
Mo ròyìn fún ọkọ mi nílé. Ó ní ẹni tó ti mọ iṣẹ́, kí ló tún ń kọ́?

Ìṣẹ́gun, 11
Mo bi Ìyá Àtúnṣe ní ìbéèrè ọkọ mi nígbà tá à ń jẹun ọ̀sán. Ó ní ọ̀bẹ tó mú lánàá, ṣé a ò ní pọ́n ọn mọ́ ni? Àti pé atẹ́gùn kọ́ gan-an lòun ń kọ́. "Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ kékeré."
Kíá ló sọ fún mi pé ní gbogbo Sátidé, Ìyá Àtúnṣe ń lọ kọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú oyún. Àwọn tó lè bí lọ́mọ ni wọ́n jọ ń jókòó. Ìbéèrè ẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ìyá Àtúnṣe ní kí n darí ìdánrawò. Mo bẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí kò bá ní ni yín lára..." Ó dá mi dúró. Ó ní ọmọ tí kò mí ò lè dúró de ìkúnlẹ̀ mi. "Pàṣẹ." Èmi, kí n pàṣẹ fún ẹni tó tó ìyá mi! "Ẹ jọ̀ọ́" ló tún jáde lẹ́nu mi. A tún un ṣe.

Àìkú, 16
Fọṣọ. Sùn. Mo lálàá ọmọ rọ́bà—ó ń bú mi.

Ọjọ́ Ajé, 17
Mo fẹ́ kọ ọ́ kó tó fò lọ lórí mi.
Àkọ́bí Ìyá Àtúnṣe ni wọ́n gbé wá lọ́sàn-án, ó ń rọbí. Dókítà wà nídìí iṣẹ́ abẹ. Gbogbo wa rò pé ìyá ẹ̀ ló máa gbẹ̀bí. Ó fọwọ́, ó wo ọmọ ẹ̀ títí, ló bá yíjú sí mi. "Ojú ìyá ni mo fi ń wò ó, kò sì ríran tó. Ìwọ ni ọ̀gá. Ibo ni kí n dúró?"
Mo ní, "Ẹ lọ síbi orí ẹ̀, mà. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú." Ó lọ.
Ọmọ jáde. Obìnrin. Kò ké. Ó rọ̀ lọ́wọ́ mi bí aṣọ tútù. Mo nù ún, mo fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Pabo. Ìyálọ́mọ ń pariwo: "Àǹtí, kí ló dé tí kò ké?" Mo gbé báàgì, mo tẹ̀ ẹ́. Àyà ò gòkè. Mo gbójú sókè—Ìyá Àtúnṣe ti gbẹ́sẹ̀ kan sọ́dọ̀ mi.
"Ẹ dúró síbẹ̀, mà!"
Ṣé ohùn mi nìyẹn? Ohùn mi ni. Ó dá ẹsẹ̀ padà.
Kíá ní, "Orí, àǹtí. Ó ti lọ sẹ́yìn jù." Mo tún orí gbé. Mo tẹ̀ ẹ́. Àyà gòkè. Mo tún tẹ̀. Mo tún tẹ̀. Ọmọ húkọ́—ó wá figbe ta, igbe tó fẹ́ẹ̀ ṣí òrùlé.
Ìyá Àtúnṣe gbórí lé èjìká ọmọ ẹ̀, ó ń sunkún.
Mo ti bá àwọn ọ̀gá ṣiṣẹ́ rí tí kì í fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan nǹkan. Ta ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀? Obìnrin yìí kọ́ ọ. Ó sì kọ́ ọ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ọjọ́rú, 19
Ìyá Àtúnṣe pè mí sí yàrá tí ọmọ ẹ̀ wà. Ọmọ ń mu ọmú, ìyá ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àtúnṣe sọ pé ilé ìwòsàn kékeré tó wà lódìkejì odò ń wá ọ̀gá nọ́ọ̀sì, òun sì ti dárúkọ mi.
Mo ní, "Mà, mi ò tíì mọ̀ tó."
Ó ní, "Ẹni tó ní òun mọ̀ tó ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá bá mi. Mo ní kó máa lọ."
Mo ti gbà. Ẹ̀rù ń bà mí dé inú eegun. Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi.