Nedyalka àti Ọ̀kan Mọ́kànlá Tó Wà Lókè Ilẹ̀kùn

Ìlú Tryavna, ní Bulgaria, ni a bí Màmá Nedyalka Stoykova sí lọ́dún 1941. Gancho tó ń ṣe búrẹ́dì ni bàbá wọn; Penka ahunṣọ ni ìyá wọn. Ilé náà kò rí ọmọ tó ń béèrè ìbéèrè tó wọn rí.

Lọ́dún 1959, wọ́n wọ yunifásítì ní Sofia láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ nọ́ńbà kan ti kó sí wọn lórí: ọ̀kan mọ́kànlá tí a tò tẹ̀lé ara wọn, 11,111,111,111. Gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n fi pín in ló ń ṣẹ́kù. Wọ́n ti dé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kí ètò ìgbéyàwó tó gba ọwọ́ wọn. Wọ́n bá sọ fún àfẹ́sọ́nà wọn, Metodi agbẹ́gilére, pé kò sí ohun tó lè pín in.

Wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún 1964. Metodi, tí gbogbo wa wá ń pè ní Bàbá, gbẹ́ ọ̀kan mọ́kànlá náà sókè ilẹ̀kùn ilé tuntun wọn ní Tryavna, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo àlejò pé, "Bí èmi àti Nedyalka ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ kó wá pín wa!"

Màmá kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí ní ìṣirò títí di 1996. Wọn kì í na ọmọ, ṣùgbọ́n ojú wọn tó pàṣán.

Nígbà tí wọ́n ń yan tàtàṣé fún ìgbà òtútù lọ́dún 1978, ọkàn wọn padà sí nọ́ńbà náà. Wọ́n rí i pé nọ́ńbà tí kò ṣeé pín, tó bá máa lè pín tiwọn, ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù tí a bá fi méjìlélógún pín òun náà. Iṣẹ́ dín kù gan-an. Kí yìnyín tó bo òrùlé, 21,649 ti wọ inú rẹ̀ gééré, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Àwọn onímọ̀ ibòmíràn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Màmá ni kò mọ̀.

Ẹ̀rù bà wọ́n. Nọ́ńbà yìí ni ọkọ wọn fi ń yangàn láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìtìjú wo nìyí? Nígbẹ̀yìn, wọ́n fi omijé sọ ọ́.

"Mélòó ló wà nínú ẹ̀?" Bàbá béèrè.

"Méjì péré. 21,649 lọ́nà 513,239. Kò sì sí nǹkan tó lè pín ìkankan nínú wọn."

"Méjì péré, o wá ń sunkún? Àwa náà kọ́ yẹn ni? Àmọ́ èmi ni mo ni èyí tó tóbi o!"

"Ikùn ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀," Màmá fèsì.

Bàbá gun àkàbà, wọ́n gbẹ́ méjèèjì sábẹ́ ọ̀kan mọ́kànlá náà.

Ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tòótọ́ ni Màmá. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìkàwé àdúgbò. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní oṣù Kẹta, 2019.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọkọ wọn, Metodi. Àwọn ọmọ wọn, Plamena àti Kalin. Àti àwọn ọmọ-ọmọ, Yoana, Boril àti Desa. Ẹ̀yin tí ẹ mú òdòdó wá, a dúpẹ́. Màmá ì bá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé ní méjì-méjì, bí àṣà Bulgaria ṣe ní kí òdòdó òkú rí.

Màmá Nedyalka, ẹ fọkàn balẹ̀ sinmi. A ti gbẹ́ 21,649 sára àgbélébùú orí sàréè yín. Ẹ má tíì retí èkejì. Bàbá ní òun ṣì ń lò ó.