Rọ́bà Inú Ẹ̀rọ Síídì Ìyá Àgbà

Èmi kẹ̀! Èmi ni Wáyà onírédíò ń sọ káàkiri àdúgbò pé mi ò lè tú ẹ̀rọ síídì kí n sì tò ó padà? Èmi tí mo tún tọ́ọ̀ṣì olùkọ́ àgbà ṣe, tó fi ń tàn lọ́sàn-án láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́? Tó bá dá a lójú, kó wá síwájú ilé mi kó wá tún un sọ, kó yé jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kó máa fi wáyà ta eyín. Ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu. Ẹnu tèmi náà ń sọ̀rọ̀ o, mi ò sẹ́, àmọ́ ọwọ́ ló ń kọ́ ọ lóhun tó ń sọ.

Ìyá Kékeré mi, ọmọ mi àtàtà, má bínú, ìjà ti gba iwájú lọ́wọ́ ìkíni. Ṣé dáadáa lo wà? Àǹtí rẹ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Bá mi kí wọn gan-an, torí pé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, àwọn ló sì ń fún ẹ lóúnjẹ, ẹni tó bá ń bọ́ ọmọ ẹni, ẹni àpọ́nlé ni. O ò ní kọsẹ̀ nílé ìwé, bíró ẹ ò ní gbẹ láàárín ìdánwò, ẹni tó bá fẹ́ jókòó sórí ògo ẹ, àga á yẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Èmi bàbá ẹ náà wà, koko lara ọta ń le. Àwọn tí ò mọ̀ wá ṣì ń rò pé ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí, mi ò sì tíì rí ìdí tí màá fi já wọn kulẹ̀.

Nílé níbí, àlàáfíà la wà. Aládùúgbò tó kọjú sí wa ti kun ilé ẹ̀ ní búlúù, ó wá dà bíi pé ojú ọ̀run já sí òdìkejì títì, àwọn adìyẹ ò tíì gbà láti gba ibẹ̀ kọjá. Pátákó mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, DÓKÍTÀ ẸRỌ GBOGBO, àmì tó bọ́ nínú ẹ̀, òjò ló mú un lọ. Pátákó yẹn gan-an ló kù díẹ̀ kó bọ́ lọ́wọ́ mi, ìyẹn lohun tí mo fẹ́ ròyìn fún ẹ.

O mọ ẹ̀rọ síídì Ìyá Àgbà, èyí tó wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó dúdú, tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Ó dàgbà jù ẹ́ lọ. Bàbá mi ni wọ́n rà á kí wọ́n tó kú, àwọn náà ni wọ́n lọ jókòó lọ́dọ̀ ayàwòrán tó ní kọ̀ǹpútà, wọ́n sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó bá wọn fi sínú síídì kan ṣoṣo. Irọ́ ló sì kún inú ẹ̀ bámúbámú. Wọ́n ní Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ fẹ́ràn àwọn. Wọ́n ní ṣòkòtò kan péré làwọn gbé lọ fún un rán nígbà tó ṣì ń ránṣọ, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ rán an kó lè tètè tú ni, káwọn lè tún padà wá. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà á tẹ ẹ̀rọ, wọ́n á gbé àga síwájú ẹ̀, wọ́n á sì máa dá ọkọ wọn lóhùn. Wọ́n á ní irọ́ ni, wọ́n á ní òpùrọ́ ọkùnrin, wọ́n á ní ta ló fẹ́ràn ta. Tí síídì bá tán, wọ́n á nu ẹ̀rọ náà, wọ́n á lọ wẹ̀. Ìjà yẹn loògùn ara wọn.

Àfi bí ẹ̀rọ ṣe yadi lọ́jọ́ kan. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, á máa kùn bí ajá tó mú egungun, àmọ́ ahọ́n ẹ̀ tí wọ́n ń gbé síídì lé ò ní jáde. Bí ẹ̀rọ ṣe yadi ni Ìyá Àgbà náà yadi. Mo gbé ìkòkò gbígbóná lé aṣọ tábìlì wọn, wọ́n ò bú mi. Mo jẹun lórí ibùsùn, wọ́n ní hẹn. Ìyá Kékeré, ẹ̀rù bà mí. Màmá mi kí wọ́n má bú mi, àìsàn ló kù.

Wáyà bá dé, Wáyà tó ń tún rédíò ṣe ní ìkóríta, tó máa ń rìn bíi pé òun ló bí iná mànàmáná. Ó gbé etí lé ẹ̀rọ, ó mi orí, ó ní rọ́bà inú ẹ̀ ti kú, pé ẹ̀rọ yìí ti parí ayé, kí wọ́n tà á fóun kóun yọ irin inú ẹ̀, kí wọ́n fowó ẹ̀ ra rédíò. Mo wo ojú màmá mi. Mo bá sọ fún Wáyà pé kó gbọ́ o, tó bá fi máa di Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ẹ̀rọ yìí á sọ̀rọ̀, ọwọ́ èmi nìkan ló sì máa mú un sọ̀rọ̀, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá tú pátákó mi, màá gbé tiẹ̀ kọ́ ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní tí mo bá ṣe é, òun á máa pè mí ní ọ̀gá lójú ayé. Gbogbo àdúgbò pàtẹ́wọ́. O mọ̀ mí, tí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ fún mi, mi ò mọ ìgbà tí mo ń búra.

Mo tú u. Sukurudiráfà méjì, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ irun ojú, àti ọpọlọ mi. Mo yọ síídì jáde wọ́ọ́rọ́, mo fi aṣọ mímọ́ wé e. Abẹ́ ahọ́n yẹn ni mo ti rí rọ́bà náà, ó tín-ín-rín bí okùn bàtà, ó ká kẹ̀kẹ́ kékeré méjì, ó sì ti fà, ó ń jó gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ìgbàdí aṣọ àgbàlagbà. Ẹ́ńjìnnì kékeré ń yí kẹ̀kẹ́ kan, rọ́bà ò lè fa ìkejì. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìnkùlé fún mi ní sípíríìtì, mo fi òwú nu kẹ̀kẹ́ méjèèjì títí wọ́n fi ń dán. Kí n tó wá rọ́bà, mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ọ̀nà ọ̀làjú, torí wọ́n ní fóònù ti gbé ohun gbogbo mì láyé ìsinsìnyí. Mo gbé síídì náà lé fóònù mi láyà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n mọ ara wọn. Nígbà tí mo dé, fóònù ò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Fóònù yẹn ò gbọ́n.

Mo bá fi rúlà ẹ àtijọ́ wọn rọ́bà náà. Mo fà á gbọọrọ, mo kọ iye ẹ̀ sílẹ̀ láìfi irun kan dín, torí èmi kì í fojú díwọ̀n nǹkan. Mo wọ orí fóònù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù fún mi, wọ́n ní nọ́ńbà ilé mi dà, mo kọ ọ́ pé ilé tó kọjú sí ilé búlúù, kí wọ́n béèrè ọ̀dọ̀ Dókítà. Wọ́n tún ní kí n tẹ ibì kan láti fi jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Inú bí mi. Ta ló lọ sọ fún wọn pé róbọ́ọ̀tì ni mí? Wáyà náà ni! Mo tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Wọ́n wá kó àwòrán mẹ́sàn-án sílẹ̀, pé kí n mú àwọn alùpùpù inú ẹ̀. Mo mú ẹyọ kan tó dáa, mo fi àwọn tí táyà wọn ti jẹ sílẹ̀, wọ́n ní mi ò gbà á. Ìgbà tí mo mú èyí tó ti gbó mọ́ ọn ni wọ́n tó jẹ́ kí n kọjá, mi ò mọ irú ọjà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Báńkì náà dé, wọ́n fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ó yé mi. Kí n tó mí, àwọn olùtajà ní kí n kọ nọ́ńbà náà síbí. Haa! Mo ní ẹ̀yin olè, ẹ ò rí mi mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni báńkì dán mi wò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa ẹnu mọ́. Nọ́ọ̀sì ló ní tí mi ò bá kọ ọ́, mi ò ní rí rọ́bà rà láéláé. Mo bá kọ ọ́, àmọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mò ń dijú, kí èmi náà má baà mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kẹsàn-án, rọ́bà dé, ọ̀la ẹ̀ ni Sátidé. Tuntun, dúdú, ń dán. Mo pe àdúgbò jọ, Wáyà fara ti ògiri. Mo fi rọ́bà sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Ó kùn. Ahọ́n ò jáde. Rọ́bà tuntun ń jó gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ti àtijọ́ gẹ́lẹ́. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé àlejò ni, ó ṣì ń wo ilé. Wáyà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní mo ra ogbó tuntun, pé òun á mú òòlù wá láàárọ̀ ọ̀la fún pátákó. Gbogbo wọn tú ká. Ìyá Kékeré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá sukurudiráfà tí màá fi tú pátákó.

Àṣé Ìyá Àgbà ti dìde lórí àga wọn. Wọ́n béèrè pé kí ni mo wọ̀n. Mo ní èyí tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo aṣọ tí eku jẹ. Wọ́n ní nígbà táwọn ń ránṣọ, táwọn bá fẹ́ fi rọ́bà tuntun sídìí ṣòkòtò, ṣé rọ́bà tó ti fà làwọn máa ń wọ̀n ni àbí ìdí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́? Wọ́n ní tí rọ́bà ò bá kéré díẹ̀ sí ìdí, kí ló fẹ́ dì mú? Wọ́n mú òwú, wọ́n fi yí kẹ̀kẹ́ méjèèjì po, wọ́n dín in ní ìwọ̀n èékánná kan. Wọ́n gé rọ́bà tuntun ní gígùn òwú náà, wọ́n gé ẹnu ẹ̀ ní dàgẹ̀rẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù bàtà mi so ó, wọ́n sì fi ìka dì í mú títí ó fi gbẹ. Mo tẹ ẹ̀rọ. Ahọ́n yọ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọ tó fẹ́ tọrọ àforíjì.

Mo gbé síídì lé e, ó gbé e wọlé, bí ohùn bàbá mi ṣe kún yàrá nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nínú síídì náà, mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí ọmọkùnrin àwọn yẹn fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí o. Ìyá Àgbà ní ó pẹ́ jù, ó ti fọwọ́ kàn án, ó sì ti ba sukurú méjì jẹ́. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n bú mi fún ìkòkò, wọ́n bú mi fún oúnjẹ orí ibùsùn, gbogbo gbèsè èébú ọjọ́ méjìlá ni wọ́n san. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbà á bí ẹni gba ẹ̀bùn.

Wáyà mú òòlù dé láàárọ̀ Sátidé, ó bá síídì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó pè mí ní ọ̀gá, àmọ́ ó di ojú kan. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí lórí fóònù, pé kí n búra pé ọwọ́ èmi nìkan ló so rọ́bà yẹn. Irọ́ ò wù mí níwájú Ìyá Àgbà, òótọ́ ò sì wù mí rárá. Torí náà, ìwọ náà ò gbọ́ nǹkan kan o.

Gọ́ọ̀mù yẹn ò lè pẹ́. Òwú tí Ìyá Àgbà fi wọ̀n ọ́n ló wà nínú ìwé yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé, òwú ò lè gba inú fóònù kọjá. Bẹ Àǹtí rẹ kí wọ́n bá wa ra rọ́bà tó ṣe déédéé ẹ̀, méjì, kí wọ́n sì fi owó ọ̀dà díẹ̀ kún un, mo fẹ́ kọ SÍÍDÌ mọ́ pátákó mi. Má fa òwú náà o, fífà ló bà wá jẹ́. Ọlọ́run á so ayé ẹ ró, kò ní fà, kò ní já, ohùn àwọn tó fẹ́ràn ẹ ò ní dákẹ́ nílé ẹ.

Má pè mí padà. Wáyà tún ti ń pè báyìí, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi ọ̀rọ̀ ṣòkòtò, Ìyá Àgbà sì ti ń wá bàtà tí wọ́n máa jù lù mí. Mo ti pa fóònù.